Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Bí A Ti Ń Dáàbò Bo Ọ̀rọ̀ Láti Ìgbà Àrokò Títí Di Òní

Àwọn àgbà ní ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni a sábà máa ń kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ti í bọ́. Ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e. Ó lè bọ́ lójú ọ̀nà. Ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ní agbára láti dí ọ̀nà náà pa. Ìtàn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín: bí àwọn ènìyàn wa ti ń yan ọ̀nà náà, bí àwọn alágbára ti ń dí i, àti bí a ti ń la òmíràn.

Bí a bá fi ara balẹ̀ wo ìṣe àwọn baba wa, a ó rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nídìí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rán ọ̀rọ̀ tí ó wúwo. Ta ni yóò gbé e? Ta ni ó lè tú u? Bí a bá dí ọ̀nà yìí, ǹjẹ́ òmíràn wà? Ìlú tàbí ẹgbẹ́ tí ó ń yan ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, tí ó ń fẹ́ ibi tí a kò ní ti yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí a kò sì ní pa á lẹ́nu mọ́, kò ní ìbéèrè mìíràn tí ó ju mẹ́ta yìí lọ.

ORÍ ÒKÈ ÌDÀNRÈ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Ìdànrè fi tẹ̀dó sí orí àwọn àpáta gàgàrà tí ó yí ìlú wọn ti òde òní ká. Lẹ́yìn ọdún 1920 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìlú àtijọ́ náà lónìí ní láti gun àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ. Bí ó bá dé òkè, yóò rí ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ilé agogo. A ó sì fi àmì kan hàn án lára àpáta, èyí tí wọ́n ń pè ní ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ní ọdún 2007 ni ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO, pẹ̀lú àwọn ibi mìíràn tí ó dábàá pé kí a kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ẹ̀kọ́ wà nínú gbígbé orí òkè. Ọ̀tá kò lè yọ sí ni lójijì níbẹ̀, nítorí ọ̀nà kò pọ̀, ó sì ga. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dín ọ̀nà ọ̀tá kù ni ó dín ọ̀nà onílé kù pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè mọ ẹni tí ó gòkè àti ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀; bí ó bá sì dí ẹsẹ̀ òkè, ó ti ìlú mọ́lé nìyẹn. Àpáta tí ó dáàbò bo ni, òun kan náà ni ó lè há ni mọ́.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú agogo àti àmì orí àpáta náà. Agogo kò mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí àlejò: bí a bá ti lù ú, gbogbo etí ni ó gbọ́. Àmì orí àpáta ní tirẹ̀ wà ní gbangba, ẹ̀fúùfù ń fẹ́ lù ú, òjò ń rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó wí. Agogo kò ní àṣírí; àmì náà kò ní olùkà. Àárín méjèèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ pa mọ́ wà: kí ó má hàn sí gbogbo ènìyàn, kí ó má sì ṣòro fún ẹni tí a kọ ọ́ sí.

ÀROKÒ ÀTI ÌLÙ

Àwọn baba wa rí àárín náà nínú àrokò. Òyìnbó míṣọ́nnárì kan, C. A. Gollmer, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ tí a tẹ̀ ní London ní ọdún 1885, ohun tí ó sì kọ bá ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ mu. Owó ẹyọ méjì tí a kọjú wọn sí ara wọn fi hàn pé a fẹ́ rí ara wa. Bí a bá kọ ẹ̀yìn wọn sí ara wọn, ìjà ti dé. Owó ẹyọ mẹ́fà ni ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Bí èsì bá dé ní mẹ́jọ, ẹ̀jọ nìyẹn: èrò wa jọ. Ẹni tí a bá fi òòyà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ìyapa ni, nítorí òòyà ní í ya irun.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó wà nídìí ọgbọ́n yìí. Kọ́kọ́rọ́ àrokò kò sí nínú owó ẹyọ. Inú èdè ni ó wà. Àjèjì tí ó bá dá ìránṣẹ́ náà dúró lójú ọ̀nà, tí ó sì tú ẹrù rẹ̀ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, owó ẹyọ nìkan ni yóò rí. Ìránṣẹ́ pàápàá lè má mọ ohun tí ó gbé. Bí a tilẹ̀ nà án, kò ní ohun tí yóò jẹ́wọ́. Èyí ni pé àwọn baba wa ti ya ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó lè tú u. Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní ń sọ pé àwọn ti ọ̀rọ̀ pa láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ títí dé ọwọ́ ẹni tí yóò kà á, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tí ń gbé e kò lè rí inú rẹ̀, ìyàsọ́tọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ṣùgbọ́n àrokò ní àìlera tirẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ èdè, gbogbo ẹni tí ó gbọ́ èdè náà ni ó lè gbìyànjú láti ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni àrokò kan wà tí gbogbo ìlú mọ̀: Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé igbá òfìfo tí a fi ọmọrí dé ni a fi ránṣẹ́ sí Aláàfin Awólẹ̀ nígbà tí àwọn ìjòyè kọ̀ ọ́. Irú àrokò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣírí mọ́, ìdájọ́ ni.

Ìlù dùndún ní ọ̀nà tirẹ̀. Onílù a máa fọhùn ní gbangba, létí ọba àti ìjòyè, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ìlù ń gbé, kì í gbé ọ̀rọ̀ náà tán. Nítorí náà gbólóhùn kan lè ní ìtumọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá gún mọ̀ pé òun ni a ń bá wí, síbẹ̀ kò lè di onílù lọ́rùn mú. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Bákan náà ni ẹnà, èyí tí àwọn ọmọdé ṣì ń fi ṣeré dòní, tí wọ́n ń sọ "mo fẹ́ lọ" di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ọ̀nà kan kọ́ ni àwọn baba wa gbọ́kàn lé. Wọ́n ní agogo fún ìkéde, ìlù fún ìbáwí, ẹnà fún ọ̀rọ̀ àárín ẹgbẹ́, àti àrokò fún ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

ÌWÉ ÌRÒYÌN LÁBẸ́ ÒFIN

Nígbà tí ìwé dé, ọ̀rọ̀ lè rìn jìnnà ju bí àrokò ti ń rìn lọ, ó sì lè dé ọwọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìwé ní ilé tí a ti ń tẹ̀ ẹ́, ilé sì ní ilẹ̀kùn. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Ifọ́lé dé ní ọdún 1867, tí a lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kúrò ní ìlú, a ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ó ní ẹ̀mí kan ṣoṣo, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó tó láti pa á.

Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní láti fọ́ ẹ̀rọ kí ó tó rí ohun kan náà ṣe. Òfin ọdún 1903 ní Èkó béèrè pé kí ẹni tí yóò tẹ ìwé ìròyìn kọ́kọ́ fi onígbọ̀wọ́ £250 sílẹ̀, owó tí kì í ṣe kékeré ní ìgbà náà. Òfin mìíràn tún dé ní ọdún 1909 tí ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó lè mú kí ará ìlú kórìíra ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀. Owó ni àkọ́kọ́ fi ṣe ilẹ̀kùn; ẹ̀rù ni èkejì fi ṣe é.

Ẹni tí ó fi ìdáhùn ìbéèrè kẹta hàn dáadáa ni Nnamdi Azikiwe. Nígbà ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti ọdún 1945, ìjọba fi òfin de ìwé ìròyìn rẹ̀ méjì, West African Pilot àti Daily Comet, ní oṣù keje. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn rẹ̀ kò sí ní ojú kan. Ó ní òmíràn ní Warri tí ń jẹ́ Southern Nigeria Defender. Ní ọdún náà ni ó gbé e wá sí Ìbàdàn, iṣẹ́ sì ń lọ. A ti ilẹ̀kùn méjì. Ẹnu ọ̀nà kẹta ṣí sílẹ̀.

Òmìnira ọdún 1960 kò pa àṣà ìdílẹ̀kùn yìí rẹ́. Ní ọdún 1984, lábẹ́ Òfin Kẹrin ti ìjọba ológun, a sọ àwọn akọ̀ròyìn The Guardian méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ní ọdún 1993 a fi òfin de TheNews. Àwọn tí ń ṣe é gbé Tempo jáde dípò rẹ̀, wọ́n ń sá láti ibì kan dé ibòmíràn, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Kì í ṣe eré. Ní ọdún 1995, ilé ẹjọ́ ológun dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Kunle Ajibade tí ó jẹ́ olóòtú TheNews, wọ́n sì sọ ọ́ di ọdún 15 lẹ́yìn náà. Ọdún 1998 ni ó tó jáde. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kò kan ẹni tí kò ṣe ibi, kí ó rántí àwọn wọ̀nyí.

ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996 ni a yìnbọn pa Kudirat Abiola ní Èkó. Ní oṣù náà gan-an ni àwọn tí ń jà fún ìjọba àwa-ara-wa, tí Wole Soyinka wà láàárín wọn ní ìgbèkùn, bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ sí Nàìjíríà láti òkè òkun lórí rédíò onígbì kúkúrú. Radio Kudirat ni a wá mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń sọ Yorùbá àti àwọn èdè wa mìíràn.

Àwọn baba wa sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, èyí tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. A lè rò pé àléébù rẹ̀ ni orúkọ yìí ń sọ. Lábẹ́ ìjọba ológun, ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Nítorí pé kì í gba èsì, kò mọ ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ti yàrá rẹ̀, tí ó sì rẹ rédíò rẹ̀ sílẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà rárá. Ẹ pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́, nítorí a ó rí i pé ẹ̀rọ tí ó dé lẹ́yìn rédíò kò rí bẹ́ẹ̀.

ẸSẸ̀ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ẹ̀rọ ìléwọ́ ń gba èsì. Òun náà ni rédíò, ìwé ìròyìn, ìlù àti ìránṣẹ́ wa lónìí. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gbọ́ tiwa ni ó ń fi ẹsẹ̀ wa sílẹ̀. Láti ọdún 2011 ni a ti ń forúkọ káàdì SIM sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè ti olúkúlùkù. Nípa bẹ́ẹ̀, ìkànnì tí ó bá fi nọ́ńbà fóònù ṣe orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ti fi orúkọ, ojú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò lè ka ọ̀rọ̀ wa lè mọ ẹni tí a bá sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí a sọ ọ́, àti iye ìgbà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọdún 2021 fi ìyókù hàn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ilé-iṣẹ́ Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, ìjọba kéde pé òun dá Twitter dúró. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti dí i. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 ni a tó ṣí i padà, lẹ́yìn oṣù méje ó lé. Ní oṣù keje ọdún 2022 ni ilé ẹjọ́ àjọ ECOWAS sọ pé ìdádúró náà kò bá òfin mu. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: onílé lè yọ ọ̀rọ̀ ọba kúrò ní ọjà rẹ̀, ọba sì lè ti gbogbo ọjà náà pa. Àárín àwọn méjèèjì ni ará ìlú wà, tí kò ní ilé, tí kò sì jọba.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀nà ẹ̀bùrú tí a ń pè ní VPN nígbà náà: wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn gba ilẹ̀ òkèèrè kọjá kí ó tó dé Twitter. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọ̀nà ẹ̀bùrú ń wo ẹni tí ń gba ibẹ̀, bí ẹni tí ó ni títì ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá gba ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ onílé tí kò mọ̀ rí, àfàìmọ̀ kí ó má ti inú ẹkùn bọ́ sínú àmọ̀tẹ́kùn.

YÍYAN ÌKÀNNÌ

Níbo wá ni kí ẹgbẹ́ ọmọ Ìdànrè, tí àwọn kan nínú wọn wà nílé, tí àwọn kan wà ní Èkó, tí àwọn mìíràn sì wà ní London tàbí Houston, ti máa pàdé? Oríṣi ilé mẹ́ta ni ó wà.

Èkíní ni ilé tí ó ní olórí kan ṣoṣo. WhatsApp wà níbẹ̀, Telegram wà níbẹ̀, Signal náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti gbogbo ọ̀rọ̀ pa láti ọwọ́ dé ọwọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó ni Facebook ni ó ni ín, ó sì mọ ẹni tí ń bá ẹni sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Telegram ń ti ọ̀rọ̀ pa bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àkọ̀kọ̀ láàárín ènìyàn méjì nìkan ni ó ń tì bẹ́ẹ̀, kì í ti ti ẹgbẹ́. Signal ni kì í tọ́jú nǹkan púpọ̀: nígbà tí ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2016, ọjọ́ tí a forúkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí a lò ó kẹ́yìn nìkan ni ó rí fún wọn. Síbẹ̀, nọ́ńbà fóònù ni a fi ń wọlé síbẹ̀, ìjọba tí ó bá sì fẹ́ lè dí ilé olórí kan ṣoṣo.

Èkejì ni ilé tí ó rí bí àwọn ìlú Yorùbá ti rí: ọba wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà sì wà láti ìlú dé ìlú. Matrix, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, àti Mastodon, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, wà ní irú èyí. Bí a bá dí ìlú kan, àwọn yòókù ṣì ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ gba kọ̀ǹpútà sílé, kí ó san owó iná, kí ó sì jẹ́ ẹni tí a lè fọkàn tán, nítorí olórí ilé Mastodon lè ka ọ̀rọ̀ àkọ̀kọ̀ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ti Matrix ṣeé tì pa, bí ẹgbẹ́ bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀kẹta kò ní ọba rárá. Briar ń gbé ọ̀rọ̀ láti fóònù sí fóònù, àní nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú, bí àwọn méjèèjì bá ti súnmọ́ ara wọn. Èyí ni ó jọ ìránṣẹ́ alárokò jù. Bí ìránṣẹ́ náà, kì í yára, kì í sì í rìn jìnnà bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí. Kò sì lè ran ìyá arúgbó tí fóònù rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́.

Ìyá arúgbó yìí ṣe pàtàkì. Ilé tí àwọn àgbà kò lè wọ̀ kì í ṣe ilé ìlú, bí ó ti wù kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dára tó. Nítorí náà kò yẹ kí a kó gbogbo ọ̀rọ̀ sí ojú kan. Ọjọ́ ọdún, ìsìnkú àti ìpàdé, ọ̀rọ̀ agogo ni; WhatsApp tó fún un. Orúkọ ẹni tí ó fi ẹjọ́ ìrẹ́jẹ ilẹ̀ sùn, tàbí ẹni tí ó tú àṣírí alágbára, ọ̀rọ̀ àrokò ni. Àwọn tí ó kàn nìkan ni kí ó mọ̀ ọ́n, ní ibi tí a kì í tọ́jú ẹsẹ̀ ẹni, kí a sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ àrokò sínú agogo lè fi ènìyàn ṣòfò.

Kí a má sì gbàgbé àmì orí àpáta Ìdànrè. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ohun tí a tì pa di òkúta. Ìwé ìpàdé, àkọsílẹ̀ owó àti ìtàn ìlú kò gbọdọ̀ wà nínú fóònù ẹnìkan ṣoṣo. Ó yẹ kí akọ̀wé kọ wọ́n sí ìwé, kí a sì fi ẹ̀dà pamọ́ sí ilé méjì tàbí mẹ́ta.

Àwọn kan yóò sọ pé ìkọ̀kọ̀ ni gbájú-ẹ̀ àti òfófó ń sá sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀kùn ni ó ń sọ olè di olè, ìwà ni. Ìṣọ́ tí ó tó fún ẹgbẹ́ ni kí ó mọ àwọn tí ó gbà wọlé, nítorí kọ́kọ́rọ́ kankan kò lè dá ẹni tí ó wà nínú ilé dúró kí ó má ya àwòrán ohun tí ó kà. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa kò le. Ọdún 1867 fi hàn pé ohun tí ó wà ní ojú kan ń kú ní ojú kan. Ọdún 1945 fi hàn pé ẹni tí ó ti la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í dákẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 2021 bá ọ̀pọ̀ wa láìmúra sílẹ̀. A ń wá ọ̀nà lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti tì. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ilé kejì rẹ̀ nísinsìnyí, kí ó kọ́ àwọn àgbà bí a ti ń wọ̀ ọ́, kí ó sì máa lò ó ní ọjọ́ àlàáfíà. Lóòótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ èkejì kí òkùnkùn tó ṣú, ọ̀nà kan náà ni ó ní.